Ta Ni Ká Fi Jẹ Kóòṣì?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye afọbajẹ tó wà ní Òsì, ẹ dúró di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá lé kóòṣì rẹ̀. Láti Òsì dé Ìlọ́fà, kò sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun, kò sí ibi ìwòran bọ́ọ̀lù, kò sí ibùdó ọlọ́kadà tí wọn kò ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Àwa náà wà níbẹ̀. Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ni a ti wá, Èkìtì ti Kwara o, kì í ṣe èyí tí Adó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Yorùbá ni à ń kà ní yunifásítì, nítorí náà, bí wọ́n bá ti ní "ẹ̀yin tí ẹ mọ òwe, ẹ dá sí i," a ti wọ inú ìjà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tiwa ni Kwara United. Bí èèyàn bá fẹ́ lọ wò wọ́n láti Ìlọ́fà, yóò gba Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo kó tó dé Ìlọrin, ní pápá ìṣeré tí wọ́n fi sọrí Rashidi Yekini, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ní Ife Àgbáyé wọlé ní 1994. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Onikan l'Ékòó, Kwara United fi pẹnáritì borí Abakaliki FC, wọ́n sì gba ife àjọ NFF fún ìgbà àkọ́kọ́. Tunde Sanni ni kóòṣì wọn. Inú wa dùn dé ibi tí a kò lè sọ tán. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Asante Kotoko ti Kumasi lé wọn kúrò nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọkùnrin tí gbogbo ibi ìwòran ń gbé gẹ̀gẹ̀ ti di ẹni tí àwọn kan ń béèrè nípa rẹ̀ pé, "Ta ló tilẹ̀ mú un wá?"

Ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn lọ fún wa. Ọ̀kan nínú wa ní àbúrò kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré. Ó lọ sí ibi tí ẹgbẹ́ kan, tí a kò ní dárúkọ, ti ń dán àwọn ọmọdé wò. Kóòṣì wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kó lọ parí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá rẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn náà, àyè òun wà nílẹ̀. Ọmọ náà parí ìdánwò. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti lé kóòṣì náà. Ẹni tuntun tó bá níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò sì ráyè wò ó; àwọn ọmọ tirẹ̀ ló kó wá. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀. Owó ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ yá ni wọ́n fi gbé e lọ, òun náà ni wọ́n fi gbé e bọ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá ń pààrọ̀ kóòṣì, orúkọ kóòṣì nìkan ni ìwé ìròyìn máa ń gbé. Wọn kì í ka irú àwọn ọmọ yìí mọ́ ọn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bí Nàìjíríà ṣe ń ṣe é. Shuaibu Amodu ló darí Super Eagles títí wọ́n fi yege fún Ife Àgbáyé 2002. Wọ́n gba ipò kẹta ní ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali lọ́dún yẹn, wọ́n lé e. Nígbà tó di 2008, òun náà ni wọ́n tún pè, ó tún mú wọn yege fún ti 2010. Wọ́n tún gba ipò kẹta, ní Àǹgólà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tún yọ ọ́, wọ́n sì gbé Lars Lagerbäck wá láti Sweden. Èèyàn kan náà ló roko lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò jẹ́ kó dé ìdí ìkórè. Kí ni wọ́n wá rí kó bọ̀? Ní 2002, àmì ẹyọ kan. Ní 2010, àmì ẹyọ kan. Ẹlòmíràn lè ní bí Amodu bá lọ, kò ní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n a kò ní mọ̀ láé, nítorí wọn kò jẹ́ kó débẹ̀.

Ẹ wá fi Clemens Westerhof wé e. Ọdún 1989 ló dé láti Netherlands. Nínú eré àkọ́kọ́ tó gbá ní ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1990, Algeria gbá góòlù márùn-ún sí àwọ̀n wa, ẹyọ kan la rí dá padà. Ká ní òde òní ni, kó tó dé òtẹ́ẹ̀lì ni wọn ìbá ti kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje yẹn. Ní 1992, wọ́n gba ipò kẹta. Ní 1994, wọ́n gba ife ní Tunisia, wọ́n sì lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún márùn-ún ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn àgbà ibi ìwòran wa á ní, "Àbí ẹ ò rí i? Òyìnbó ni!" Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Adegboye Onigbinde, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ló mú ẹgbẹ́ yìí dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Stephen Keshi gba ife náà ní 2013, lẹ́yìn tó ti gbà á gẹ́gẹ́ bíi balógun ẹgbẹ́ ní 1994. Ọjọ́ kejì tó gba ife ló kéde pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kó tó yí ọkàn padà. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n jẹ ẹ́ ní owó oṣù mélòó kan. Ẹ wo ẹni tó mú ayọ̀ wá, tí kò lè rówó oṣù gbà! Nítorí náà, ọmọ ilé tàbí àjòjì, ọ̀nà kan ò wọjà. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹni tó gbani síṣẹ́.

Ọdún 2024 ló jẹ́ ká rí i kedere. José Peseiro mú Super Eagles dé àṣekágbá ní Côte d'Ivoire ní oṣù kejì, kò pẹ́ tó fi lọ. Ní oṣù kẹrin, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Finidi George, ẹni tó ti fi Enyimba gba líìgì ní 2023. Ní oṣù kẹfà, ọ̀mì kan pẹ̀lú South Africa, ìfìdírẹmi kan lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Benin, Finidi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kóòṣì Benin lọ́jọ́ yẹn ni Gernot Rohr, tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lé ní oṣù Disẹmba 2021, nígbà tí ìdíje Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, NFF kéde Bruno Labbadia láti Jámánì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti kéde pé kò ní wá mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ owó orí. A fi èèyàn joyè, a ò tíì bá a sọ ohun tí yóò san àti ohun tí yóò gbà.

Ní àdúgbò wa, a mọ nǹkan kan nípa ẹrù tó wúwo. Bámigbóyè, agbẹ́gilére Kájọlà ní Odò-Ọ̀wá, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022, gbẹ́ àwọn orí Ẹ̀pa tí èèyàn kan ṣoṣo ń rù jó. Igi odidi ni. Ẹni tó bá rù ú gbọ́dọ̀ jó, ó sì gbọ́dọ̀ fò, kò sì gbọdọ̀ ṣubú, nítorí ìlú ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi àmì ohun tó ń bọ̀. Ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe kì í ti ọmọ tí kò tíì dánra wò síbẹ̀. Kò sì sí onílù tó mọṣẹ́ tí í dáwọ́ ìlù dúró nígbà tí orí Ẹ̀pa bá wà lórí ẹni. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe fún àwọn kóòṣì wa: wọ́n á gbé igi lé wọn lórí, wọ́n á gba ìlù kúrò.

Bí wọ́n bá pè wá síbi tí wọ́n ti ń yan kóòṣì Kwara United, ìbéèrè mẹ́rin ni a máa bi wọ́n. Èkíní, àwọn ọ̀dọ́ wo ni ẹni yìí ti kọ́ rí, níbo ni wọ́n sì wà báyìí? Èkejì, ṣé òun ló máa yan ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù, àbí ọ̀gá kan ló máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí i láti ọ́fíìsì? Ẹ̀kẹta, owó oṣù rẹ̀ ti oṣù mẹ́fà dà? Ẹ̀kẹrin, bí ó bá pàdánù eré márùn-ún tẹ̀ léra wọn, kí ni àdéhùn wí? Kò sí èyí tó kan ìlú tí wọ́n ti bí i nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kò tilẹ̀ pọn dandan ká rìn jìnnà fún àpẹẹrẹ. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ipò kejì nínú líìgì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Wọn kò lé Daniel Ogunmodede. Ní 2025, wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Éric Chelle náà kò lè mú Super Eagles yege fún Ife Àgbáyé 2026. Congo Kinshasa fi pẹnáritì lé wọn ní oṣù kọkànlá 2025, ariwo "ẹ lé e" sì gba ìlú kan. Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ sí Morocco, wọ́n sì gba ipò kẹta níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2026. Kì í ṣe pé ipò kẹta tó wa. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹgbẹ́ náà kò tú ká.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa. Wọn kì í ri iṣu sínú ebè lónìí kí wọ́n lọ hú u lọ́la láti wò ó bóyá ó ti ta. Ẹni yòówù tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n wádìí rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó yàn án, kí wọ́n sì jẹ́ kó rí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó kéré tán. Àbúrò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ìwé nírọ̀lẹ́. Ó ní òun á tún lọ dánra wò. Ohun kan ṣoṣo tó bi wá ni pé, ṣé kóòṣì tí òun máa bá níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí á ṣì wà títí òun á fi padà.