Ọkọ̀ Tó Kọ̀ láti Ṣíná Láàárọ̀ Ọyẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àjàṣẹ́ lè máa rò pé àsọdùn ni, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, òtútù àárọ̀ oṣù kìíní kì í ṣe eré.

Bàbá wa fi Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi, èyí tó ń mu gasoil. Àbúrò mi ló ń wà á. Ní Ọjọ́rú kan, a ti di iṣu sí i láti alẹ́, ọjà Glazoué là ń lọ. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò ṣíná. Ó tún un ṣe títí, èéfín funfun ń rú nídìí ọkọ̀, títí bátìrì fi kú. A tì í, tì í, òfo ni. Ìgbà tí oòrùn mú dáadáa, a yá bátìrì aládùúgbò, ó sì ṣíná. Ká tó dé Glazoué, ọjà ti ń tú.

Inú bí mi. Mo ní òun ló gbé ọkọ̀ jáde lóru, tó gbàgbé iná sí títàn. Ó búra, mi ò gbọ́. Níṣojú ìyàwó rẹ̀ ni mo ti bú u. Mo wá ra bátìrì tuntun, 45.000 sẹ́fà. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ń yí tagbára-tagbára, kò kúkú ṣíná.

Mo lọ pe bàbá mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ náà ṣe fún bàbá wa. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Ọmọ mi, ṣé ó ń yí ni, àbí kò yí rárá?" Mo ní ó ń yí. Wọ́n ní kí ló wá kan bátìrì níbẹ̀?

Wọ́n ní ọkọ̀ gasoil kò ní iná tó ń ṣẹ́ sí epo bíi ti ẹsáǹsì. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì fún pọ̀ ló ń gbóná tí epo fi ń gbiná. Bí irin bá tutù, ó ń fa ooru yẹn mu. Ìdí nìyẹn tí bùjí mẹ́rin fi wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbóná, ká tó yí kọ́kọ́rọ́ dópin. Èéfín funfun yẹn, epo tí kò jóná ni. Lọ́sàn-án, oòrùn ti bá wa mú irin gbóná.

Wọ́n tú wáyà orí bùjí, wọ́n fi wáyà gílóòbù kékeré kan so orí bátìrì pọ̀ mọ́ bùjí kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ló tan gílóòbù náà. Mẹ́ta ti kú. Bẹ́ẹ̀ iná bùjí tó wà níwájú awakọ̀ ṣì ń tàn ní tiẹ̀, òun ló tàn wá jẹ.

Tí tiyín ò bá yí rárá, tó kàn ń dún kẹ́-kẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì. Bí nǹkan funfun bá ti hù sí i, ẹ tú u, ẹ ha á mọ́, ẹ dè é le, kẹ́ ẹ tó náwó.

Mo bẹ àbúrò mi níṣojú ìyàwó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti bú u. Ó ní kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ ọjà, ó bá mi di iṣu. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wà á." Ọyẹ́ ti fẹ́ lọ báyìí, èmi náà ni mo ṣì ń wà á.