Láti Olú Ìlú São Tomé dé Erékùṣù Rolas

Arìnrìn-àjò tí ó bá kúrò ní olú ìlú São Tomé, tí ó sì gba ọ̀nà etí òkun lọ sí gúúsù, yóò ní òkun lápá òsì àti òkè lápá ọ̀tún títí títì yóò fi tán. Ayọnáyèéfín, ìyẹn òkè tí iná ń rú jáde láti inú rẹ̀, ni ó gbé erékùṣù São Tomé yìí àti Príncipe, ìkejì rẹ̀, yọ lójú òkun níwájú Gàbọ́ọ̀nù. Òkè tí ó ga jù níbẹ̀, Pico de São Tomé, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,024, ni ó ń pín òjò: gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìkùukùu ń da omi sí, díẹ̀ ni ó sì ń kù fún àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí olú ìlú wà.

Ìpín òjò yìí ni ó yẹ kí a fi ka ìtàn ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn Pọtogí gúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470, wọn kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi gbin ìrèké sí apá àríwá, ẹni tí ó bá sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́ a forí lé igbó òjò gúúsù. Ní ọdún 1595, ẹrú kan tí ń jẹ́ Amador kó ogun jọ, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀ ilé ìfúnrèké. Àwọn olóko ìrèké ṣí lọ sí Brazil. Láti Brazil kan náà ni kòkó sì ti wá ní ọ̀rúndún 19, bí ẹni pé gbèsè ni ó ń san.

Ní Água Izé, oko ńlá kan lójú ọ̀nà etí òkun yìí, kòkó ni ó ni ìtàn. Roça ni wọ́n ń pe irú oko ńlá bẹ́ẹ̀, tí ó ní ilé ọ̀gá, ilé ìwòsàn, rélùwéè tirẹ̀, àti sanzala, ìyẹn ìlà ilé tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé. Irin rélùwéè ti dípẹtà sínú koríko, àwọn ẹbí sì ti sọ ilé ìwòsàn di ibùgbé, tí wọ́n ń sá aṣọ sára ògiri rẹ̀. Òfin fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1875, ṣùgbọ́n wọ́n tún kó serviçais, òṣìṣẹ́ aládèéhùn, wá láti Àǹgólà, agbára káká sì ni wọ́n fi ń padà sílé. Orúkọ nìkan ni ó yí padà. Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ Cadbury fi dáwọ́ dúró láti ra kòkó São Tomé ní ọdún 1909.

Lẹ́yìn Água Izé ni São João dos Angolares, ìlú àwọn Angolares, apẹja tí a mọ̀ mọ́ ìran àwọn tí ó sá wọgbó. Ó sì di ìparí ọ̀rúndún 19 kí ìjọba tó ká wọn mọ́. Kì í ṣe ohun ìyanu fún ẹni tí ó bá rí Cão Grande, òkúta tí ó dì sínú ọ̀fun ayọnáyèéfín, tí òjò wá wẹ ilẹ̀ ara rẹ̀ lọ, tí ó fi nàró ju mítà 300 lọ láàárín igbó. Ní Porto Alegre, ọkọ̀ ojú omi ni ó kù, tí ń gbéni lọ sí Rolas, níbi tí Gago Coutinho, ọ̀gágun ojú omi Pọtogí, ti wọn ilẹ̀, tí ó sì fi hàn pé ìlà agbedeméjì ayé gba ibẹ̀ kọjá.