Bébà Mẹ́wàá Nínú Fìlà

Èmi ni akọ̀wé èésú ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Obìnrin mẹ́wàá ló ń dá a, ₦1,000 lóṣooṣù, ẹni tó bá sì kàn á kó ₦10,000. Kí èésú tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Èmi ni mo máa ń ya bébà mẹ́wàá, tí mo máa ń kọ nọ́ńbà 1 dé 10 sí wọn, tí mo máa ń ká wọn, kí n tó dà wọ́n sínú fìlà bàbá mi.

Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń sọ. Kálukú ló fẹ́ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ fìlà. Ìyá Aláta á ní òun làgbà, Ìyá Aláṣọ á ní òun lòun kọ́kọ́ dé. Ìyá mi tó jẹ́ olórí wọn ló máa ń gbẹ̀yìn. “Ìyá Ẹgbẹ́, nọ́ńbà kẹwàá náà ló máa kù sílẹ̀ dè yín o!” Ó máa ń dùn mí. Ṣebí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò ló ń mú ẹran ńlá?

Ìgbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni olùkọ́ ìṣirò kọ́ wa ní ìṣeéṣe: ka iye ohun tí ò ń wá, kí o fi iye gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pín in. Mo délé, mo gbé èésú ka iwájú. Ká ní nọ́ńbà 1 ni gbogbo wọn ń wá. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 1/10. Kó tó lè kan ẹnì kejì, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tàsé rẹ̀, ìyẹn 9/10. Kí òun náà wá bá a nínú mẹ́sàn-án tó kù, ìyẹn 1/9. 9/10 lọ́nà 1/9, 1/10 náà ni! Ẹnì kẹta ńkọ́? 9/10 lọ́nà 8/9 lọ́nà 1/8. 1/10 ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ó fi dórí ìyá mi. Ojú la fi ń ṣa ẹran. Ojú kì í bá ọwọ́ wọnú fìlà. Àfi bí wọ́n bá ń tú bébà bí wọ́n ṣe ń mú un: bí ẹni márùn-ún bá ti tú tiwọn tí wọn ò rí 1, ó di 1/5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kù.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí ohun kan: kí àwọn bébà náà rí bákan náà lọ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ewé ìwé mi tán nígbà tó ku bébà kan. Mo ya lára ẹ̀yìn ìwé tó nípọn, mo kọ 1 sí i, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Ìyá Aláta pẹ́ nínú fìlà. Mo ń wo ìka rẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ aṣọ òkè bí eku inú àpò gààrí. Nọ́ńbà 1 ló mú jáde. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìyá mi wo bébà náà, ó wá wo èmi.

Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka bébà, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbọn fìlà. Kò mọ 9/10 lọ́nà 1/9. Àmọ́ bó bá ti tẹ̀ wọ́n tán, á fẹ̀yìn ti ògiri, á ní kí ẹni tó bá wù ú kọ́kọ́ mú.