Buduburam: Ibùdó Àwọn Tí Ogun Lé Kúrò Nílé

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Accra lọ sí Winneba ní ilẹ̀ Gánà, yóò kọjá Kasoa kí ó tó dé Buduburam. Ibẹ̀ ni a fi àwọn ará Làìbéríà wọ̀ sí ní ọdún 1990, nígbà tí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 lé wọn jáde. Inú àgọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ọdún 2009, ilé búlọ́ọ̀kù ti rọ́pò àgọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wà, ilé ìjọsìn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orin ìjọ kan ń wọ inú àdúrà ìjọ kejì. Ìgbà kan wà tí iye wọn lé ní 40,000. Omi ni ìyà wọn: ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá, wọ́n sì ń rà á ní garawa-garawa.

Ìyá kan nínú ìjọ tí ó gbà wá lálejò ti lo ọdún 19 níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ọkọ rẹ̀ ní Monrovia. Mo bi í pé, “Mámà, ogun ṣáà ti parí láti ọdún 2003. Ẹ kò ronú àtipadà?”

Ó ní, “Pásítọ̀, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi?”

Ẹlòmíràn ti kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn. Àwọn tí ó pa ọkọ rẹ̀ ṣì ń gbé ládùúgbò. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ó gbé nínú oyún sá wá, èdè Fante ni ó fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ní ọdún 2008, àwọn obìnrin ibùdó náà jókòó sí pápá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. 100 dọ́là ni wọ́n fẹ́ fún àgbàlagbà tí ó bá padà sílé. Wọ́n ní 1,000 ni àwọn ń fẹ́, tàbí kí a kó àwọn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìjọba kó èyí tí ó ju 600 lọ nínú wọn, ó sì dá àwọn kan padà sí Làìbéríà. Àwọn kan pe èyí ní ìwà àìmoore. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fi 100 dọ́là bẹ̀rẹ̀ ayé?

Wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n sì dá oko. Àwọn ará Buduburam ti ṣe é, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2012, a kéde pé wọn kì í ṣe ogunléndé mọ́. Àwọn tí ó yàn láti dúró gba ìwé ìrìnnà Làìbéríà àti ìwé àṣẹ gbígbé ní Gánà. Ní ọdún 2024 ni katakata wó ibùdó náà. Ìyá wa ti yá yàrá kan ní Kasoa kí ó tó di ìgbà náà. Ó ń ta ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, bí wọ́n ti ń sè é ní Monrovia.