Ilé-Ẹ̀kọ́ Inú Ìwé

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ rí, síbẹ̀ n kò lè gbàgbé rẹ̀. Dotheboys Hall ni orúkọ rẹ̀. Inú ìwé Nicholas Nickleby, tí Charles Dickens kọ ní 1838 sí 1839, ni ó wà. Squeers, ọ̀gá ibẹ̀, kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń kọ ‘fèrèsé’ ní èdè rẹ̀; síbẹ̀ a fi kọ́ ọmọ, a sì rán an lọ nu fèrèsé. Ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Ó ku ebi àti pàṣán.

Dickens kò ṣàdédé hùmọ̀ rẹ̀. Ní 1838 ó lọ sí Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kógbá sílé.

Ní ọjọ́ kan tí mo ń sọ ìtàn yìí fún kíláàsì mi, ọmọ kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé Squeers mọ̀ pé òun burú?” Pàṣán mi wà lórí tábìlì. Èmi kò rí èsì fọ̀. Mo rọra gbé e sínú àpótí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí. Ìwé a máa fi tẹni hàn ni.