Kẹ̀kẹ́ Ìyá Ọmọ ní Ilẹ̀ Ọ̀dà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá ọmọ, Agbabu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ìletò kan lẹ́bàá Odò Oluwa, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí ó bá ń ti Èkó lọ sí Bìní yóò kọjá ní Òrè, ìlú oríta tí ogun abẹ́lé sọ di olókìkí ní ọdún 1967, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Yorùbá fi ń wí títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Láti Òrè ni ènìyàn yóò ti yà sí apá gúúsù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti ibẹ̀, kò ní fò tó ogún kìlómítà kí ó tó bà sí Agbabu. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kọ́ ni ọmọ ènìyàn, ọ̀nà tiwa sì ní kọ́nà, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ní kòtò.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ níbí kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ọ̀dà ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀dà dúdú tí ayé fi ń ṣe títì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá mú ganrínganrín, ọ̀dà náà a máa yọ́, a sì máa sun jáde fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí láti wá epo rọ̀bì. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ tún wá gbẹ́ ihò ìwádìí káàkiri. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀dà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Síbẹ̀, orí amọ̀ pupa ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni wà ní abúlé kan tí ó tó máìlì mẹ́ta sí ilé wa. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìletò. Obìnrin ni èkejì, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, èmi ni mo sì ń mú un lọ. Òrè ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń rí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èyí jẹ́: ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ń dáná, òun náà ni ó ń fọ aṣọ, òun náà ni ó sì ń di chọ́ọ̀kì mú.

Ọ̀kadà ni mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye owó epo pẹtiróòlù sì ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó ọ̀kadà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ọbẹ̀ wa. Mo bá fi ẹsẹ̀ rìn. Wákàtí kan ni mo ń lò ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀, ọmọ lẹ́yìn, àpò ìwé lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá fi délé, tí mo dáná, tí a jẹun tán, àkọ́bí mi ti sùn lọ lórí ìwé rẹ̀. Ọmọ olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè ka ojú ewé kan já geere. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń mọ̀wé lọ́wọ́ mi, tèmi ń tòògbé. Èyí ni ó dùn mí dọ́kàn, èyí ni ó sì mú mi lọ sí Òrè lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí kò ní irin gbọọrọ láàrin, tí ìró kò fi ní há.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé àwọn baba wa, kí alùpùpù tó gba ìgboro, ẹṣin ọlọ́lá ni. Àgbẹ̀ tí kòkó bá ṣe dáadáa fún a lọ ra Raleigh. Wolé-wolé a máa gùn ún, olùkọ́ a máa gùn ún, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń pín lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ipò obìnrin, yóò da ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì gbé ẹrù lé itan.

Nítorí náà, nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ wọ agbolé, ìyá ọkọ mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé bí ọ̀rọ̀ ti dà nìyí? Kí ni àwọn ènìyàn rẹ yóò sọ pé a fi ọ́ ṣe?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Owó ọ̀kadà ni kò jẹ́ kí á gbádùn." Wọn kò fèsì. Mo mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ní ojú tiwọn, kẹ̀kẹ́ lábẹ́ obìnrin ń sọ fún aráyé pé ọkọ rẹ̀ kò tó o gbọ́. Mo sì mọ̀ pé irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń fi ẹnu jà.

Agogo méje kọjá díẹ̀ ni mo máa ń gbéra. N óò kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò, n óò dán bíréèkì wò, n óò wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, n óò sì di ìró náà le dáadáa kí etí rẹ̀ má baà wọ ṣéènì. Lẹ́yìn èyí, ó di ọ̀nà. Oko ẹ̀gẹ́ wà lápá kan, ọ̀pẹ àti kòkó wà lápá kejì. Ìrì ṣì máa ń wà lórí koríko, ọmọbìnrin mi a sì máa ka iye ewúrẹ́ tí a bá pàdé. Bí a bá dé ibi tí wọ́n fi pákó ṣe afárá, n óò sọ̀, òun náà yóò sọ̀, yóò di etí aṣọ mi mú, n óò sì rọra ti kẹ̀kẹ́ kọjá.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi ni ìkíni. Ẹ gbà mí, báwo ni ìyàwó ilé yóò ṣe kọjá lára àgbà lórí kẹ̀kẹ́ láìkúnlẹ̀? Bí mo bá sì ń sọ̀ fún gbogbo àgbà tí ń lọ sí oko, oòrùn yóò ti ga kí n tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń sọ̀, mo ń kúnlẹ̀, mo ń gùn padà, òógùn ń bò mí. Baba àgbàlagbà kan ni ó tú mi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má sọ̀ mọ́, kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ má baà já bọ́. Orí ibẹ̀ ni kí o ti máa kí wa, àwa ti gbà á." Láti ọjọ́ náà, n óò dẹ eré, n óò tẹrí ba, n óò sì kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Ìgbà òjò ní ìyọnu tirẹ̀. Amọ̀ pupa a máa dì mọ́ táyà àti mọ́gáàdì títí tí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Igi tín-ín-rín tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ni mo fi ń ha á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, ọ̀dà tí ó sun jáde lè lẹ̀ mọ́ táyà tàbí bàtà. Ẹ má fi omi jà á níyà. Kò ní lọ. Epo pupa díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, ẹ nù ún, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́.

Ní ti ọmọ gbígbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má pọn ọmọ jòjòló gun kẹ̀kẹ́. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó, bí ẹ bá sì ṣubú, ẹ̀yin àti òun ni ẹ jọ lọ sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá tó jókòó gírígírí ni kí ẹ ṣe ìjókòó tí ó ní ìfẹ̀yìntì fún, kí ẹ sì fi ọ̀já dè é mọ́ ọn. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹ fi pákó tàbí rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, nítorí wáyà táyà a máa gbá ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ra, a sì máa ṣe é léṣe gan-an. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má gùn ún láìsí iná.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù lọ sí ọjà àti ọ́fíìsì, kò sì sí ẹni tí ń wò wọ́n bí ìran. Ní ọdún 1894, Annie Cohen Kopchovsky, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Boston ní Amẹ́ríkà, gbéra láti fi kẹ̀kẹ́ yí ayé ká. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì padà ní ọdún 1895. Ilé ni ó fi àwọn ọmọ sí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín dán irú èyí wò! Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1880 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ké sí ìjọba pé kí ó tún ọ̀nà ṣe, kí mọ́tò tó dé. Àwa tí ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ wa kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ jù wọ́n lọ.

Nísinsìnyí, ẹ wo èrè rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í gbà ju ìdajì wákàtí lọ lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń fi wákàtí kan rìn. Àlọ àti àbọ̀, wákàtí kan ni ó ń kù lọ́wọ́ mi lóòjọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀, ó di márùn-ún. Ìwé kíkà ni èmi àti àkọ́bí mi ń fi wákàtí náà ṣe, kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú rẹ̀ sì máa ń dá. Ní sáà tí ó kọjá, ó ka ojú ewé mẹ́rin fún baba rẹ̀ láìdúró. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, wọ́n gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ wọn jáde, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, bá mi so èyí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn, orí mi kò gbà á mọ́." Mo so ó le dáadáa. A kò tún sọ ọ̀rọ̀ ìtìjú láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin abilékọ, n kò sọ pé kẹ̀kẹ́ dára fún gbogbo ọ̀nà. Níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń sáré kíkankíkan, ẹ má gùn ún. Ṣùgbọ́n bí ibi iṣẹ́ yín kò bá jìnnà, tí ara yín sì dá ṣáṣá, ẹ bá olórí ilé yín sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù, ẹ ra èyí tí apá yín ká, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń lẹ tíúbù. Ọ̀dà inú ilẹ̀ Agbabu yóò di títì ní ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́. Ọmọ tí ń dàgbà kò lè dúró de ọjọ́ náà. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àṣẹ.