Agogo Alẹ́ ní Etí Odò Ògùnpa

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo kó dé Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ agogo náà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù kẹfà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alẹ́ tán ní mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ìyá alákàrà tó ń dáná níwájú ilé sì ti ń pa iná ààrò rẹ̀. Lójijì ni irin kọlu irin lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn bàbá arúgbó kan sì tẹ̀lé e:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo kí gbogbo yín o! Ọ̀la ni Sátidé ìmọ́tótó. Kí olúkúlùkù mú ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì jáde ní aago méje àárọ̀. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ti dí, òjò sì ń bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́ o!"

Mo fa aṣọ borí. Lójú tèmi, kì í ṣe èmi ni bàbá náà ń bá wí. Ayálégbé ni mí, yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà. Ẹni tó ni ilé ni kó lọ kó ẹrẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì àti ẹ̀rín àwọn èèyàn láti ojú fèrèsé mi, mo sì yí ojú sí ògiri.

Òru ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni òjò dé. Gọ́tà ẹ̀yìn yàrá mi, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò jáde láti kó, kò rí omi gbé lọ mọ́. Omi náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kí n tó tan iná, ó ti mu mí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ti wọ inú páálí tí mo kó sí abẹ́ ibùsùn. Nínú páálí yẹn ni àwọn ìwé tí mo fi kọ oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ wà, èyí tí mo gbà lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti kú. Yíǹkì rẹ̀ ṣàn lójú mi títí ojú ìwé fi funfun.

Màmá Àgbà tó ń gbé yàrá kejì ló bá mi fi abọ́ gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a jókòó sinmi, ó bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbọ́ agogo lọ́jọ́sí?"

"Mo gbọ́, Mà. Mo rò pé àwọn onílé ni wọ́n ń pè."

Ó wo ẹsẹ̀ mi tó rin gbingbin. "Omi tó wọlé yìí, ṣé ó bi ọ́ pé onílé ni ọ́ àbí ayálégbé?"

Odò tó la ìlú já

Ìbéèrè náà kò fi mí lọ́kàn sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn padà yọ, mo pinnu láti fi ẹsẹ̀ mi tẹ ọ̀nà tí odò Ògùnpa ń gbà, kí n lè mọ ohun tí mo wá bá gbé.

Ẹ̀gbẹ́ Agódi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ti sé odò náà di adágún nínú ọgbà ìgbafẹ́ Agódi. Ẹni tó bá jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀ lónìí, tó ń wo àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń sáré kiri, kò ní rántí pé ìkún omi ọdún 1980 ló ba ọgbà yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Láti ibẹ̀, odò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àárín ìlú, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Ògùnpa àti Dùgbẹ̀, níbi tí Ilé Kòkó alájà 26, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1965, ti ń wo gbogbo wa láti òkè. Lẹ́yìn náà ó forí lé Mọlété, ó sì ń lọ sí ìhà gúúsù láti pàdé odò Ọ̀nà.

Ní ibi púpọ̀, kì í tún ṣe odò bí a ṣe mọ odò. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe bèbè rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀rá omi, ike, àkísà àti eésan àgbàdo. Mo dúró lórí afárá kan, mo sì rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní. Ó mu omi inú ọ̀rá tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ju ọ̀rá náà sísàlẹ̀. N kò lè bá a wí, nítorí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò kékeré yìí pa èèyàn tó lé ní 200, ó gbé ilé àti ọkọ̀ lọ, ó sì sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún di aláìnílé. Àwọn ará Ìbàdàn pè é ní Omíyalé. Màmá Àgbà ní ìsọ̀ aṣọ nígbà náà. Ó sọ fún mi pé òun kò rí àlà kan gbé jáde. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya bo ìlú, ó sì tún mú ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ. Ìjọba ṣe kọnkéré, wọ́n kọ́ afárá, wọ́n sì gba ìrànwọ́ Báǹkì Àgbáyé fún iṣẹ́ ìdènà ìkún omi. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n kò sí kọnkéré tó lè gbé omi kọjá bí ọ̀rá bá di ẹnu rẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè wà ní ẹ̀yìn ilé gbogbo wa. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní etí Ògùnpa, òwe yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Pàǹtírí ẹni tó wà lókè odò ni yóò ya ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ta ni ará àdúgbò?

Nígbà tí agogo tún dún ní òpin oṣù keje, mo jáde. Wọ́n fún mi ní réèkì, mo sì kó ẹrẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Aago mẹ́wàá ni iṣẹ́ parí, ìpàdé sì tẹ̀lé e lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Sátidé ìmọ́tótó yìí, tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ti di nǹkan mìíràn ní àdúgbò wa. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ òru, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kéde ẹni tó bímọ àti ẹni tó ṣaláìsí.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní àwa ayálégbé náà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó tí a ń san. Bàbá kan tó jókòó lórí àga iwájú dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, ayálégbé dà bí ẹyẹ. Ẹni tí yóò kó lọ lọ́la kò lè bá wa tún ìlú tò." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ dìde lọ.

Màmá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ó di ọdún méjìlélógójì tí òun ti ń gbé ní àdúgbò yìí, òun kò sì ní ilé kankan níbẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹyẹ ni òun náà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n jiyàn fún ìgbà pípẹ́. Ní ìkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa rán ayálégbé kan wá sí ìpàdé, kí ó lè béèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì rí ìwé owó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀ tàbí tìráńsífọ́mà, àwọn onílé nìkan ni yóò dìbò. Inú mi kò tíì dùn tán sí ìpín kejì yìí. Síbẹ̀, mo ti ní àga tí mo lè jókòó lé láti bá wọn jiyàn rẹ̀.

Agogo àti fóònù

Nítorí pé mo mọ̀wé kọ, wọ́n ní kí n máa fi ìkéde ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ní oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ ń dun Bàbá Alágogo, kò sì lè jáde. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo kọ ìkéde tó gún régé, mo fi àmì ohùn sí i dáadáa, mo sì fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èèyàn mọ́kànlá péré ló jáde.

Mo lọ bi àwọn tí kò wá léèrè. Fóònù ìyá alákàrà kò lè gba WhatsApp. Dátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé kejì ti tán. Àwọn mìíràn rí i, ṣùgbọ́n ìkíni àárọ̀ àti fídíò àwàdà ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan sọ òótọ́ fún mi: "Mo kà á. Àmọ́ n kò gbọ́ agogo, mo wá rò pé kò ṣe pàtàkì."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò títí. Láyé àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ti ààfin jáde ní Ìbàdàn, ọwọ́ àwọn Mọgàjí ló ń gbà dé agboolé, akéde a sì fi ẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀ láti ojúde dé ojúde. Nígbà tí àpótí rédíò onírin wọ ilé àwọn èèyàn, àwọn baba wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì lè gba èsì. Fóònù ọwọ́ mi lè gba èsì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe lò ó lọ́jọ́ yẹn, asọ̀rọ̀mágbèsì ni mo sọ ọ́ dà. Bàbá Alágogo ní tirẹ̀ máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn á sọ fún un, ẹni tí kò ní ṣọ́bìrì á sọ fún un. Bí ó bá fi padà délé, ó ti mọ iye èèyàn tí yóò jáde.

Láti oṣù kẹsàn-án, ẹnu mẹ́rin ni ìkéde wa ń gbà jáde: agogo, mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti fóònù. Àwọn èèyàn sì ti ń pọ̀ sí i.

Bí ìwọ náà ṣe lè wọlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn nítorí iṣẹ́, mo mọ̀ pé ó rọrùn láti gbé àdúgbò kan fún ọdún mẹ́ta láìmọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan lọ́wọ́ aládùúgbò yín: "Níbo ni wọ́n ti ń kéde ọ̀rọ̀ ní àdúgbò yìí, ta sì ni ń kéde rẹ̀?" Ẹ lọ kí ẹni náà. Ẹ jáde ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, nítorí ẹnu ẹni tí ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ máa ń wúwo. Ẹ béèrè ìwé owó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí wọn kò bá dáhùn. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó kọ ìkéde, ẹ sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ọjọ́ àti aago, ibi tí a ó ti pàdé, ohun tí a ó mú dání, àti ẹni tí a lè rí bí ọ̀rọ̀ bá wà. Kí ó má gùn ju èyí tí èèyàn lè sọ lójú ọ̀nà ní ìmí kan lọ.

Àwọn baba wa mọ àáró, níbi tí a ti ń bá ara wa ro oko ní títẹ̀léra. Wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀, tí èèyàn máa ń bẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un. Gọ́tà kò yàtọ̀ sí oko. Bí tìrẹ bá mọ́ tí ti aládùúgbò rẹ dí, iṣẹ́ òfo lo ṣe.

Oṣù kẹwàá ni mo lọ kí Bàbá Alágogo nílé. Mo sọ ìtàn páálí mi fún un, àti ti oríkì tó ṣàn lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n lọ mú ìwé tuntun wá, òun náà ní oríkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà sílẹ̀ lẹ́nu òun. Ojú ìwé mẹ́fà ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn. Ibi gíga, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ni mo kó o sí.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó pè mí padà. "Ọ̀la ni Sátidé ìmọ́tótó. Àwọn tó wà ní ilé aláwọ̀ ewéko yẹn kì í gbọ́ agogo. Bá mi kan ilẹ̀kùn wọn bí o bá ń kọjá."

Mo kan ilẹ̀kùn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ló ṣí i, ó sì sọ fún mi pé ayálégbé ni òun.